OWÓ ÀSANSÍLẸ̀ KÌ Í ṢE ALÙPÙPÙ

 

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fi falẹ̀. Gbogbo ẹni tó wá sí ìpàdé ẹ̀ka wa tó kọjá ló gbọ́ ọ. Àwọn kan láàárín wa dá a lábàá pé kí a yọ nínú owó alájẹṣẹ́kù wa, kí a fi ṣe àsansílẹ̀ fún alùpùpù oníbátìrì, irú èyí tí kì í mu epo rárá. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni yóò ṣe é. Wọ́n ní bí a bá tètè sanwó, iye rẹ̀ yóò dín. Wọ́n ní ẹni tó bá pẹ́ yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn fajú ro. Ní ìpàdé tó ń bọ̀ ni a ó dìbò lé e lórí.

A kò dá àwọn tó pàtẹ́wọ́ lẹ́bi. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, ta ni kò mọ ohun tí ojú awakọ̀ rí? Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo kan tí iye rẹ̀ lábẹ́ àṣẹ ìjọba kò tó ₦200 ti di ohun tí à ń rà ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbé èrò láti Ìsẹ́yìn lọ sí Òkèihò, ẹni tó ń gbé èlùbọ́ láti oko wá sí ọjà Ṣakí, àwọn ni kí ẹ bi. Bákan náà, àwọn ará wa tí wọ́n máa ń ti Ṣakí ré kọjá sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti fojú ara wọn rí i ní Kútọnu pé àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀ ń gun alùpùpù oníbátìrì tí ilé iṣẹ́ Spiro gbé wá, tí wọ́n ń pààrọ̀ bátìrì tó ti kú sí èyí tó kún ní ìbùdó, tí wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlá. Ohun tó ṣeé ṣe ni.

Ṣùgbọ́n àgbà kì í fi ojú ohun tó ṣeé ṣe wo ohun tí wọ́n ti ṣe yanjú. Kí á tó ti ọwọ́ bọ àpò, ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ìtàn ilé iṣẹ́ kan tí kò pẹ́ láyé. Òun ni ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ lágbàáyé tó ṣe alùpùpù jáde lọ́pọ̀ fún títà. Ọdún 1894 ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1897, ó ti kógbá wọlé.

ÌTÀN ÀWỌN ARÁ MUNICH

Ní ọdún 1885, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach, ọmọ Jámánì, ti ṣe kẹ̀kẹ́ onígi kan tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sí. Ẹyọ kan ni. Wọ́n fẹ́ fi dán ẹ́ńjìnnì wọn wò ni, wọn kò ṣe é fún ọjà.

Ní ìlú Munich, ní Jámánì kan náà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà tí wọ́n ń jẹ́ Heinrich àti Wilhelm Hildebrand. Iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ni wọ́n mọ̀. Wọ́n fi ọwọ́ kún ọwọ́ pẹ̀lú Alois Wolfmüller, wọ́n sì ní mẹkáníìkì kan tó mọṣẹ́ dunjú, Hans Geisenhof, tó bá wọn ṣe ẹ́ńjìnnì náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1894, wọ́n gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n sọ ọ́ ní Motorrad, ìyẹn ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì. Títí di òní olónìí, orúkọ yẹn náà ni àwọn ará Jámánì ń pe gbogbo alùpùpù. Ilé iṣẹ́ kú, orúkọ kò kú.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ fetí sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ti rí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1489cc, ó tóbi tó ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Sílíńdà rẹ̀ jẹ́ méjì, wọ́n dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kò ní ṣéènì, kò ní jíà, kò sì ní kílọ́ọ̀ṣì. Irin gbọọrọ méjì ló ti ara pístìn lọ tààrà sí ìdí táyà ẹ̀yìn, bí irin tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin àtijọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ lára ẹ̀rọ ooru omi ni wọ́n gbé wá síbẹ̀. Kí pístìn lè padà sẹ́yìn, wọ́n fi okùn rọ́bà líle sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti máa fà á. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò ní sípóòkù, irin pẹrẹsẹ ni, kí ó lè wúwo tó láti máa yí ẹ́ńjìnnì lọ. Omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì náà lára wà nínú ìbòrí táyà ẹ̀yìn.

Kò ní pọ́lọ́ọ̀gì. Wọ́n á kọ́kọ́ tan iná kékeré láti fi mú páìpù kan gbóná títí yóò fi pọ́n, ooru páìpù yìí ni yóò máa tan epo nínú sílíńdà. Nígbà tí páìpù bá ti pọ́n, ẹni tó fẹ́ gùn ún yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú, yóò máa tì í sáré títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbà, lẹ́yìn náà ni yóò tó fò lé e. Bí ó bá sì dúró nítorí ènìyàn tó ń sọdá, ẹ́ńjìnnì á kú, àfi kí ó tún tì í sáré láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé èrò mẹ́ta àti àpò gààrí lọ́jọ́ ọjà, ẹ fojú inú wò ó.

Síbẹ̀, kí a má parọ́ mọ́ wọn, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ó lè sáré tó kìlómítà 45 ní wákàtí kan, ní ayé tí ẹṣin ṣì jẹ́ ọba ojú ọ̀nà. Ó wà lára àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tó lo táyà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Àwọn ènìyàn rí i, wọ́n ya ẹnu wọn, wọ́n sì fẹ́ rà á. Ní ilẹ̀ Faransé, ilé iṣẹ́ Duncan àti Suberbie gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn láti máa ṣe é níbẹ̀, wọ́n sọ tiwọn ní Pétrolette.

OHUN TÓ PA ILÉ IṢẸ́ NÁÀ

Níbi tí òkìkí ti ń kàn ni ìṣòro ti ń bọ̀. Àwọn tó fẹ́ rà á ti ń sanwó sílẹ̀ kí alùpùpù tó jáde. Owó ń wọlé, ìwé àdéhùn ń ga sí i lórí tábìlì, gbogbo ènìyàn rò pé ilé iṣẹ́ ti là. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é lọ́pọ̀, wọ́n rí i pé iye tí wọ́n ń tà á kò tó iye tí ó ń ná wọn láti ṣe é. Bí wọ́n ti ń tà sí i ni gbèsè ń pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni ní Ìsẹ́yìn láti lóye. Bí ahunṣọ kan bá gba àsansílẹ̀ aṣọ òkè lọ́wọ́ ogún ìyàwó, tí iye tó dá lé aṣọ kò tó owó òwú, owó ìyàwó kejì ni yóò fi ra òwú ti ìyàwó kìíní. Owó ẹ̀kẹta ni yóò fi ra ti ẹ̀kejì. Nígbà tí yóò bá kan ẹ̀ka ìkẹyìn, kò ní sí òwú, kò ní sí owó, ọjọ́ ìgbéyàwó á sì ti pé. Ahunṣọ náà lè má jẹ́ olè. Ó lè mọ aṣọ hun ju gbogbo ojúgbà rẹ̀ lọ. Ìṣirò ló pa á.

Ìṣòro kejì wà lára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Páìpù gbígbóná yẹn kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ̀rọ kò rọrùn láti tan, kò sì rọrùn láti dá dúró. Àwọn tó ti rà á bẹ̀rẹ̀ sí kùn, wọ́n ní kí wọ́n dá owó àwọn padà. Nígbà tó fi di ọdún 1897, ilé iṣẹ́ ti Munich àti ti Faransé ti wọ gbèsè, àwọn méjèèjì sì ti ilẹ̀kùn.

Ìṣòro kẹta ni pé ayé kò dúró dè wọ́n. Ní ọdún 1895, De Dion àti Bouton ní ilẹ̀ Faransé gbé ẹ́ńjìnnì tiwọn jáde. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti Munich ní títóbi, ṣùgbọ́n bátìrì ló ń tan iná rẹ̀, ó sì ń yí ju ìgbà 1500 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbà 240 péré ni ti Munich ń yí. Nínú gbogbo 1489cc yẹn, agbára ẹṣin méjì àbọ̀ ni ó ń mú wá. Ọ̀kadà 100cc tí a ń gùn lónìí ń mú bí ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ wá. Ọ̀nà ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yí kíákíá ni gbogbo ayé tọ̀. Ẹni tó ti san àsansílẹ̀ fún ti Munich ti sanwó fún ohun tó ti di ògbólógbòó kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Wolfmüller fúnra rẹ̀ kò parun. Ọkàn rẹ̀ wà lára ọ̀rọ̀ fífò lójú ọ̀run pẹ̀lú. Òun àti Otto Lilienthal, ẹni ńlá nínú ìtàn bí ènìyàn ṣe kọ́ láti fò, kọ̀wé sí ara wọn. Ó gbé ayé títí di ọdún 1948. Díẹ̀ nínú àwọn alùpùpù rẹ̀ sì wà nílé ìṣúra títí di òní. Ọ̀kan wà ní Deutsches Museum ní Munich. A kò bínú sí i. Olóye ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n kí á rántí pé ẹni tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ sábà máa ń rí ọ̀nà mìíràn gbà nígbà tí ilé iṣẹ́ bá wó. Ẹni tó ń fi fáìlì lọ irin níbẹ̀ ń kọ́? Ẹni tó ta ohun ìní rẹ̀ san àsansílẹ̀ ń kọ́?

NÍLÉ WA ŃBÍ

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìtàn òyìnbó ayé àtijọ́ ni èyí, kò kàn wá. Àwọn àgbà nínú ẹgbẹ́ rántí Volkswagen ní Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní ọdún 1975. Wọ́n rántí Leyland ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kọ́ iṣẹ́ alurinmọ́rin àti iṣẹ́ ọ̀dà ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ páàtì tí wọ́n ń tò ti ń wá. Nígbà tí owó ilẹ̀ òkèèrè wọ́n ní àwọn ọdún 1980, tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986, ẹ̀mí wọn bẹ̀rẹ̀ sí kúrú. Ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n o, tí ìjọba àti òyìnbó jọ dáwó lé. Bí àwọn bá mì, kí ni ti ilé iṣẹ́ kékeré tó ń fi àsansílẹ̀ ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀?

Kì í sì ṣe pé a kò lè ṣe é nílẹ̀ yìí. Láti ọdún 1979 ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ alùpùpù Honda sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Owó tó nípọn, páàtì tó wà nílẹ̀ àti ọdún púpọ̀ ni ó ń fẹ́.

Èmi olóòtú náà ní àpá tèmi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gba alùpùpù kan ní àsandíẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tí n kò ní dárúkọ. Orúkọ tuntun ni, ó ń dán yinrin, ó sì rọjú. Kò pé ọdún tí irin kékeré kan nínú kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fi ṣẹ́, irin tí kò tó ìka ọwọ́. Mo wá a ní Ṣakí, n kò rí i. Mo wá a ní Ìsẹ́yìn, mo dé Ìbàdàn, wọ́n ní àwọn kò gbé irú rẹ̀ mọ́. Oṣù méje gbáko ni mo fi ń san owó alùpùpù tó dúró sí ẹ̀yìnkùlé, tí adìyẹ ìyàwó mi ń yé sí abẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó lù mí ní jìbìtì. N kò bèèrè ohun tó yẹ kí n bèèrè ni.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ Ẹ BÈÈRÈ

Nítorí náà, kí á tó dìbò, kí á ní kí àwọn tó fẹ́ gba owó wa dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí níwájú gbogbo ẹgbẹ́, kì í ṣe ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn olóyè.

Èkíní: Alùpùpù yìí, ó ti rin ojú ọ̀nà wa rí? A kò bèèrè ọ̀nà Èkó tó tẹ́jú. Ọ̀nà oko là ń wí, pẹ̀lú ẹrù, nígbà òjò àti nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Èèyàn kì í ti ojú fèrèsé ra ẹṣin.

Èkejì: Níbo ni a ó ti máa rí iná tàbí bátìrì? Gbogbo wa la mọ bí iná ìjọba ti rí ní Òkè-Ògùn. Bí bátìrì bá tán láàárín Àgọ́-Àrẹ àti Ṣakí, ta ni yóò wá gbé e?

Ẹ̀kẹta: Ta ló ni bátìrì? Bí ilé iṣẹ́ ló ni ín, tí ilé iṣẹ́ bá kógbá wọlé lọ́la, kí ni alùpùpù tó wà lọ́wọ́ wa yóò dà?

Ẹ̀kẹrin: Páàtì wo ló wà nílẹ̀, mélòó ni, ní ìlú wo? Mẹkáníìkì wa mélòó ni wọ́n ti kọ́?

Ẹ̀karùn-ún: Èé ṣe tí ó fi rọjú tó bẹ́ẹ̀? Kí wọ́n ṣàlàyé fún wa bí iye tí wọ́n ń tà á ṣe ju iye tí ó ń ná wọn láti ṣe é lọ. Bí wọn kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀, owó wa ni wọ́n fẹ́ fi ra òwú aṣọ ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹfà: Níbo ni owó àsansílẹ̀ yóò wà títí alùpùpù yóò fi dé?

Àbá tiwa nìyí. Kí ẹgbẹ́ má san àsansílẹ̀ kankan sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Kí á ra méjì péré, kí á san owó wọn pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó wọn dé. Kí á fún ọmọ ẹgbẹ́ méjì, ọ̀kan ní Ṣakí, ọ̀kan ní Ìsẹ́yìn, kí wọ́n fi ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n sì máa kọ ìnáwó àti ìpawó wọn sílẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá yege, kí á wá rà sí i, kí owó wà ní báńkì lábẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ́ àti ilé iṣẹ́ náà pọ̀, kí ó má ṣeé gbà jáde àfi bí alùpùpù bá ti dé ilẹ̀. Kí ó sì wà nínú ìwé àdéhùn pé ẹni tí alùpùpù rẹ̀ bá kú nítorí àìsí páàtì kò ní máa san gbèsè rẹ̀ lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé bí gbogbo ènìyàn bá ń ṣọ́ra báyìí, ohun tuntun kò ní wáyé. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí kò bá sí àwọn ará Munich wọ̀nyẹn, bóyá alùpùpù ì bá pẹ́ kí ó tó dé ọjà. Ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ wọ odò. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ débi pé bí ó bá sọnù yóò ṣì jẹun alẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ wọ ọ́. Owó alájẹṣẹ́kù kì í ṣe irú owó bẹ́ẹ̀. Owó ilé ìwé ọmọ ni. Owó ilé ìwòsàn ni. Owó ìsìnkú bàbá ẹlòmíràn ni, tí a ń fi ₦500, ₦1,000 kó jọ lẹ́yìn iṣẹ́ òru.

Àwọn tó ń ta ọjà á máa sọ pé kí á yára. Ẹni tó bá ń kánjú gba owó wa ni kí á rọra dá lóhùn. Bí alùpùpù wọn bá dára, yóò ṣì dára ní oṣù mẹ́fà sí i.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ ẹgbẹ́ tí kò lè kà á. Kí gbogbo wa sì wá sí ìpàdé, nítorí ìbò tí ènìyàn kò dì ni ó máa ń kùn sí lẹ́yìn.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.

OLÓÒTÚ